Éésì tí kò tutù, gíà tó ń yọ̀: ẹ kọ́kọ́ wo fáànù

Láàárín oṣù Èrèlé sí Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹjọ́ méjì làwọn tó ní ọkọ̀ tó ti dàgbà sábà máa ń kó wá sí ṣọ́ọ̀bù pọ̀: éésì kì í tutù mọ́ bí wọ́n bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Takie, gíà náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ́sàn-án, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìn ń pariwo sí i ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ kò pọ̀ sí i. Oní-éésì á ní gáàsì ló tán. Oní-gíà á ní kí wọ́n lọ ra gíà tòkúnbọ̀ ní Géètì, n'Ìbàdàn. Owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ fáànù kan ṣoṣo tí kò yí ló fa méjèèjì.

Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo iwájú ọkọ̀ náà. Kọ́ńdẹ́ńsà éésì, níbi tí gáàsì éésì ti ń tutù, ló ṣíwájú, rédíétọ̀ tẹ̀ lé e, fáànù wà lẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda oní-gíà ọ́tò, rọ́bà méjì tún ti ara gíà wá sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀. Inú ibẹ̀ ni ọ́ìlì gíà ti ń lọ tutù. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára. Bí eruku ọyẹ́ bá dí ọ̀nà rẹ̀, tàbí tí fáànù dákẹ́, éésì ló máa kọ́kọ́ figbe ta, gíà á tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tẹmpirétọ̀ tó wà lójú awakọ̀ lè máà kúrò láàárín ní gbogbo àsìkò yìí, torí wọ́n ṣe é kó má máa mì fún gbogbo ìyípadà kékeré. Ẹni tó bá dúró dè é ti pẹ́.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ẹ tan ẹ́ńjìn, ẹ tẹ éésì, ẹ ṣí búlówà dé òpin. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, bí kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì éésì káàkiri, bá ti mú, fáànù gbọ́dọ̀ yí. Bó bá jẹ́ méjì ló wà, méjèèjì la fẹ́ rí. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ o, fáànù tó dúró lè ṣàdédé gbéra. Bí kò bá yí, ẹ wo fíúùsì rẹ̀, kí ẹ sì yọ rílèè (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná kọjá) ti hóònù tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kí ẹ fi pààrọ̀ rílèè fáànù. Bó bá ṣì kọ̀, kí ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, fún mọ́tò rẹ̀ ní iná tààrà láti ara bátìrì. Bó bá yí, wáyà tàbí rílèè ló níṣòro. Bí kò bá yí, mọ́tò ti kú. Ọ̀pọ̀ ríwáyà á kúkú fi í sílẹ̀ sórí iná tààrà bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju kí fáànù má yí rárá lọ, àmọ́ kí fíúùsì wà lórí wáyà náà, kí wáyà ọ̀hún sì nípọn.

Ohun kan wà tí ojú kì í tètè rí: bí wọ́n bá so wáyà fáànù ní òdìkejì, á máa yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú ló máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ẹ mú bébà kan, ẹ gbé e síwájú kọ́ńdẹ́ńsà. Ó yẹ kí fáànù fà á mọ́ra. Bó bá ń tì í dànù, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìdọ̀tí náà kì í pọ̀ níwájú tí a ń rí bíi tàárín kọ́ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀. Tí ẹ́ńjìn bá ti tutù, kí mẹkáníìkì tú bọ́ọ̀tì òkè tó di rédíétọ̀ mú, kó fà á sẹ́yìn díẹ̀, kó sì fi omi rọ́bà lásán fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ẹ̀rọ tí àwọn oní-káwọ́ọ̀ṣì fi ń tu omi máa ń tẹ àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní ríbi gbà mọ́.

Bí fáànù bá pé tí éésì kò sì tutù, kí ẹnì kan máa tẹ bọ́tìnì éésì, kí ẹlòmíì máa wo iwájú kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Bó bá mú, ẹ ó gbọ́ “ká”, àwo iwájú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá púlì yí. Bó bá jẹ́ púlì nìkan ló ń yí, ó lè jẹ́ pé iná kò dé ibẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti lọ sílẹ̀ débi tí swíìṣì tó ń ṣọ́ ọ fi pa á kó má bàa lọ ara rẹ̀ gbẹ. Nítorí náà, “kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ti kú” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ojú lásán sọ. Kọ́ọ̀lì tó ń mú àwo yẹn sábà máa ń fún mítà iná ní ohm 3 sí 5. Bí mítà kò bá rí nǹkan kan, kọ́ọ̀lì nìkan ló jó.

Gééjì ló kàn. Gáàsì R134a ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti àárín àwọn ọdún 1990 ń lò. Bí ẹ́ńjìn bá wà ní pípa, tí ojú ọjọ́ jẹ́ 30°C, gééjì méjèèjì, búlúù fún apá tí ìtẹ̀ gáàsì ti lọ sílẹ̀, pupa fún apá tó ti ga, á wà ní nǹkan bíi psi (òṣùwọ̀n ìtẹ̀) 95 sí 100. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí gáàsì tó ṣì jẹ́ olómi bá kù nínú rẹ̀, iye yẹn kò ní yí padà, ìbáà ku ìdajì. Oní-éésì tó wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìn wà ní pípa, tó ní gáàsì kún, kò tíì wọn nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìn máa ṣiṣẹ́ ní bíi rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìn ń yí ní ìṣẹ́jú kan) 1500. Búlúù sábà máa ń wà láàárín psi 25 sí 45, pupa láàárín 150 sí 250, ó sì lè rékọjá bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán wa. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì kò tó. Bí méjèèjì bá ga, ẹ padà sídìí fáànù àti ìdọ̀tí, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti fi gáàsì rọ ọ́ yó jù. Búlúù ga, pupa wálẹ̀: ìgbà yìí la tó lè dá kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lẹ́bi. Bí búlúù bá wọlẹ̀ dé òdo, nǹkan kan ti dí nínú rẹ̀, expansion valve, ẹnu tóóró tí gáàsì ń gbà wọ ibi tó ti ń tutù nínú ọkọ̀, ló sì sábà máa ń jẹ́.

Gáàsì éésì kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Bó bá dín kù, ó ń jò níbì kan, ẹni tó bá sì ń rọ òmíràn lé e lọ́dọọdún ń sanwó fún ihò kan náà. Ẹ wá ibi tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì lójú oríkèé páìpù, ẹ fi omi ọṣẹ sí i. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n fi páàmù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n pa á, kí wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú 15. Bí ọwọ́ gééjì bá ń padà bọ̀, ó ṣì ń jò. Ìwọ̀n gáàsì wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ní gíráàmù. Òṣùwọ̀n ló yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kí wọ́n fọwọ́ kan páìpù. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá fẹ́ fi gáàsì ìdáná dípò rẹ̀, inú ọkọ̀ lọ́dọ̀ yín ló máa jò sí bó bá jò.

Ní ti gíà, ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì rẹ̀ la máa kọ́kọ́ fà yọ, ibẹ̀ náà sì lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Fún Toyota, ẹ wa ọkọ̀ náà títí gíà á fi gbóná, ẹ dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ má pa ẹ́ńjìn, ẹ gbé ọwọ́ gíà kọjá gbogbo ipò rẹ̀ padà sí P, kí ẹ tó fa ọ̀pá náà yọ kí ẹ kà á níbi tí wọ́n kọ HOT sí. Honda yàtọ̀: ẹ pa ẹ́ńjìn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbóná, kí ẹ kà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90. Ẹni tó bá ka Honda nígbà tí ẹ́ńjìn ń ṣiṣẹ́ á rò pé ọ́ìlì kò tó, á rọ sí i, ọ́ìlì tó pọ̀ jù á sì hó, gíà á wá máa yọ̀ lóòótọ́.

Ọ́ìlì pupa tó mọ́ kò níṣòro. Èyí tó dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jó, àwọn àwo inú gíà ló jó sínú rẹ̀, ọ́ìlì tuntun kò sì lè dá wọn padà. Bó bá funfun bíi wàrà tí wọ́n po mọ́ nǹkan pupa, omi rédíétọ̀ ti wọ inú gíà. Ẹ má wa ọkọ̀ yẹn délé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ. Irú ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì: T-IV tàbí WS fún Toyota gẹ́gẹ́ bí ọdún rẹ̀, DW-1 ni Honda fi rọ́pò Z1, NS-2 tàbí NS-3 fún Nissan oní-CVT (gíà ọ́tò tó ń lo bẹ́líìtì). “ATF (ọ́ìlì gíà ọ́tò) ni gbogbo wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n” kì í ṣe òótọ́. Bí ẹ bá tú ọ́ìlì náà, lítà 3 sí 4 péré ló sábà máa ń jáde, ìyókù wà nínú torque converter, ẹ̀rọ tó so ẹ́ńjìn mọ́ gíà. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀.

Kí ẹ tó gbà pé gíà ti bàjẹ́, ẹ fìyàtọ̀ sáàárín yíyọ̀, gbígbọ̀n àti títa gìdì. Bó bá ń yọ̀, rpm á gòkè, eré ọkọ̀ kò ní pọ̀ sí i. Bó bá ń gbọ̀n tí rpm kò gòkè, púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ọ̀lì ẹ́ńjìn lẹ máa wò. Bó bá ń ta gìdì nígbà tí ẹ bá bọ́ sí D tàbí R, ẹ́ńjìn síìtì, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìn dúró, ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, ihò ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì ṣojú àánú sí wọn. Ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ẹ fa hándìbúréèkì, kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe iwájú, kó máa wo ẹ́ńjìn bí ẹ bá ṣe ń lọ sí D àti R. Bí ẹ́ńjìn bá ń fò sókè, síìtì ti já. Bí gíà bá gbóná, láti N sí D kò yẹ kó tó ìṣẹ́jú àáyá 1.2 lórí Toyota, N sí R kò yẹ kó tó 1.5. Èyí tó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́ìlì tàbí rọ́bà inú rẹ̀ ni.

Bí iná O/D OFF bá ń ṣẹ́jú lórí Toyota, tàbí D lórí Honda, kọ̀ǹpútà gíà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú bátìrì kí wọ́n tó ṣe sìkáànù, torí ó lè nu kóòdù náà dànù. P0700 kàn ní kí ẹ lọ bi gíà léèrè ni. P0750 ń tọ́ka sí sólẹ́nọ́ìdì kan (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì nínú gíà), owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ owó gíà lódindi.

Bó bá wá di dandan kí ẹ ra tòkúnbọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí páànù ìsàlẹ̀ rẹ̀ níwájú yín. Ẹ̀tù dúdú tó rọ̀ lára mágínẹ́ẹ̀tì kò burú. Àfọ́kù irin tó ń dán, ẹ kọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, kí wọ́n fọ rọ́bà méjèèjì àti ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù nínú rédíétọ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀ náà, torí àfọ́kù irin gíà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.