Dókítà ò kéré jù, èrò ò pọ̀ jù, kí ló dé tí ìlà ò tán?

Ìbéèrè: Dókítà kan lè rí aláìsàn 10 ní wákàtí kan. 9 péré ló ń wá. Kí ló dé tá a fi ń jókòó tó wákàtí kan lórí bẹ́ǹṣì?

Ìdáhùn: Torí pé aago kọ́ ló ń tì wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta á bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìyẹn, ogún ìṣẹ́jú á kọjá, ẹnì kankan ò ní yọjú. Ẹni tó wá fi èsì tẹ́ẹ̀sì hàn á lo ìṣẹ́jú 2. Màmá tó ń ro ẹjọ́ orúnkún, tó tún rántí ojú, tó tún rántí oorun tí kò kùn ún, á lo 20. Ìṣẹ́jú tí dókítà fi wo òrùlé láàárọ̀ kò sì ṣeé kó pamọ́ de ọ̀sán. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Láti 1909 ni Erlang, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark, ti ń ṣírò irú èyí fún tẹlifóònù. Nínú ìṣirò tó ti ibẹ̀ wá, bí 8 bá ń wá ní wákàtí kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dúró tó ìṣẹ́jú 24 ní ìpíndọ́gba. Bí wọ́n bá di 9, ó di 54. Bó bá di 19 ní wákàtí méjì, 114 ni. Ẹnì kan péré ló lé o!

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n wá ń pè ní àfarawé ilé ìwòsàn?

Ìdáhùn: Ká fi nǹkan míì ṣe bí ẹni pé ilé ìwòsàn ni, ká lè rí bí ìlà ṣe ń gùn. Ẹ lè ṣe é lórí tábìlì. Ẹ̀wà ni aláìsàn, ife ni yàrá dókítà. Ẹ ju dáìsì lúdò kan; ìjù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 1. Bó bá já sí 6, ẹ̀wà kan ti dé. Ìjù 5 ni ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan máa lò nínú ife. Láìpẹ́ ife á ṣófo; láìpẹ́ ẹ̀wà á tò lọ rẹrẹ. Kọ̀ǹpútà kàn ń ju tiẹ̀ láìmọye ìgbà ni. Norman Bailey, onímọ̀ ìṣirò, ṣe irú ẹ̀ ní England, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952. Ìmọ̀ràn tiẹ̀ ni pé kí aláìsàn 2 wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí ìyókù máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n àkókò tí dókítà ń lò fún ẹnì kan. Tiwa ńkọ́? Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ní kí gbogbo wa wá.

Ìbéèrè: Ṣé ká gba dókítà kún un ni?

Ìdáhùn: Ẹ wo ìlà ná. Ká ní dókítà 2 ló wà, kálukú pẹ̀lú ìlà tiẹ̀, 9 ní wákàtí lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú 54 náà ni. Ẹ pa ìlà méjèèjì pọ̀, kí ẹni tó kàn wọ yàrá tó bá ṣófo: ó wálẹ̀ sí bíi 26. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò ẹnikẹ́ni. Màmá orúnkún nìkan ni ò ní gbà; dókítà tiẹ̀ ló fẹ́ rí.