Nọ́ńbà tó ní díjíìtì mílíọ̀nù 41: kí ni wọ́n rí gan-an?

Ní October 2024 ni ìròyìn gbé e pé wọ́n rí nọ́ńbà práìmù tó tóbi ju gbogbo èyí tí wọ́n ti rí lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ló ń jẹ́ práìmù?
Ọsàn 7 ò ṣe é pín dọ́gba fún èèyàn 2, 3, 4, 5 tàbí 6 kó má ṣẹ́ kù. Práìmù nìyẹn. 8 kì í ṣe práìmù, torí èèyàn méjì á gba mẹ́rin-mẹ́rin.

Nọ́ńbà wo wá ni wọ́n rí?
Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ tún un ṣe títí tó fi máa pé ìgbà 136,279,841, kẹ́ ẹ wá yọ 1 kúrò. Irú ìlọ́po yìí wà nínú ọ̀pẹ̀lẹ̀: èso mẹ́jọ, ìkọ̀ọ̀kan lè ṣí sílẹ̀ tàbí kó dojú dé, ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ 1 nínú 256, 255 ló kù, 5 sì pín in, torí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń bọ́ sí práìmù.

Ta ló rí i?
Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, nínú iṣẹ́ GIMPS, ìyẹn iṣẹ́ táwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá irú práìmù yìí, ọdún 1996 ló bẹ̀rẹ̀.

Ṣé èèyàn lè kà á tán?
Tẹ́ ẹ bá ń pe díjíìtì kan ní sẹ́kọ́ǹdù kan, láìsùn láìjẹun, ó máa lé ní ọjọ́ 474.

Ta ló wá mọ díjíìtì tó kẹ́yìn ẹ̀?
Ẹ̀yin náà lè mọ̀ ọ́n, ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ mú bíró: 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256. Ìparí wọn nìkan ni kẹ́ ẹ wò, 2, 4, 8, 6, ó tún padà sí 2, 4, 8, 6, mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí po bẹ́ẹ̀ kò sì ní yí padà láé. Ẹ wá pín 136,279,841 sí mẹ́rin-mẹ́rin, ó ṣẹ́ku ẹyọ kan, ìyẹn ni pé orí 2 ló dúró sí, ẹ yọ 1, ó ku 1. Nọ́ńbà tó gba ọjọ́ 474 láti kà, 1 ló fi parí, orí ìwé pélébé lẹ sì ti rí i.

Ṣé wọ́n lè fi jí owó wa ní báńkì?
Rárá. Práìmù tí wọ́n fi ń dáàbò bo nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kéré sí èyí gan-an, díjíìtì ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni, àṣírí sì ni. Èyí tí gbogbo ayé ti mọ̀ ò lè ti ilẹ̀kùn kankan.

Ṣé èmi náà lè wá tèmi?
Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fúwíà GIMPS, ẹ̀bùn wọn fún ẹni tó bá rí tuntun jẹ́ 3,000 dọ́là, EFF, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, sì ní 150,000 dọ́là nílẹ̀ fún práìmù àkọ́kọ́ tó bá ní díjíìtì mílíọ̀nù 100. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsinmi lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó máa gbóná, ó sì máa jẹ iná, torí náà ẹ má ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó dara pọ̀, kì í ṣe àwọn GIMPS, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.