Sọsipẹ́ńṣọ̀n ẹ̀yìn Ford Escort fún ìdíje ráàlì

Ford Escort ìran kìíní (1968 sí 1974) àti ìran kejì (1975 sí 1980) wà lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn eléré ráàlì ṣì ń lò jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Kí ọkọ̀ yìí tó lè dúró ti ọ̀nà ráàlì, abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń pọ̀ jù, níbi tí sọsipẹ́ńṣọ̀n wà, ìyẹn àwọn ohun tó so táyà mọ́ ọkọ̀ tó sì ń jẹ́ kó rọ̀ lórí kòtò. Ẹ̀ka ìdíje Ford tó wà ní Boreham, ní ẹkùn Essex, ló kọ́kọ́ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe náà, láti 1968 títí di òpin 1979 tí Ford fi pa ẹgbẹ́ Escort tirẹ̀ tì.

Àtúnṣe náà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìṣòro kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lé. Lára ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iléeṣẹ́, sípíríìngì pẹlẹbẹ kan náà ló ń gbé ẹrù, òun náà ló sì ń di ásù, ìyẹn irin ìbú tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mú sáyè rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rọ gba iṣẹ́ kejì yìí lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e fún àwọn ọ̀pá irin.

Bó ṣe rí láti iléeṣẹ́

Ẹ́ńjìnnì Escort wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló sì ń tì í lọ. Odidi ni ásù ẹ̀yìn rẹ̀: ilé dífù (jíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) wà láàárín, páìpù irin yọ sí ọ̀tún àti sí òsì, ṣáàfù tó wà nínú páìpù sì ni ó ń yí táyà. Nítorí náà, bí táyà ọ̀tún bá gun òkúta, ti òsì náà á fara gbá nínú rẹ̀.

Orí sípíríìngì méjì ni ásù yìí jókòó lé, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú iwájú sípíríìngì kọ̀ọ̀kan wọ inú bọ́ọ̀ṣì rọ́bà nínú ilé irin kan lábẹ́ ọkọ̀. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ so mọ́ ṣákù, ìyẹn ìdè kékeré tó ń mì síwá sẹ́yìn, kí sípíríìngì lè rí àyè gùn nígbà tó bá tẹ́. Yú-bóòtù ló so ásù mọ́ ọn láàárín. Irú sípíríìngì yìí kò ṣàjèjì sí wa: òun ló wà lábẹ́ lọ́rì, òun sì ni àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń wá kiri nínú àlòkù láti fi rọ àdá àti ọkọ́, torí pé irin rẹ̀ le, kì í sì í tètè ṣẹ́.

Tí awakọ̀ bá tẹ tíróòtù, agbára tó ń yí táyà síwájú máa ń fẹ́ yí ilé dífù fúnra rẹ̀ sí òdìkejì, imú rẹ̀ á sì máa gbé sókè. Kò sí ohun mìíràn tó dá a dúró ju sípíríìngì lọ. Ìdajì iwájú sípíríìngì á tẹ̀ sókè, ìdajì ẹ̀yìn á tẹ̀ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá rí bí lẹ́tà S. Nígbà tí kò bá lè tẹ̀ mọ́, á ta padà, táyà á fò kúrò nílẹ̀, á tún balẹ̀, á tún fò. Gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n, agbára ẹ́ńjìnnì á sì ṣòfò. Bí bíréèkì bá wọlé lójijì, irú nǹkan kan náà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìdàkejì.

Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1100 tí agbára rẹ̀ wà ní nǹkan bí 50 hp (agbára ẹṣin), ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ sọ́jà lè má mọ̀ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ní 1970, Ford gbé Escort RS1600 jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì BDA oní-fáàfù mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí RS1800 tó tẹ̀lé e dé góńgó agbára rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Boreham, ó ti ń sún mọ́ 250 hp. Sípíríìngì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ìdílé kò lè dá irú agbára bẹ́ẹ̀ dúró.

Àwọn ọ̀pá tó ń di ásù mú

Àtúnṣe tó rọrùn jù ni ọ̀pá kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ara ásù lọ sí ara bọ́dì níwájú rẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí imú dífù gbé sókè bó ṣe wù ú. Ó dára fún ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pá yìí àti sípíríìngì kì í yí lórí ojú kan náà. Bí ásù bá ń lọ sókè, ibi tí ọ̀pá fẹ́ gbé e lọ yàtọ̀ sí ibi tí sípíríìngì fẹ́ gbé e lọ, àwọn méjèèjì á sì máa fa ara wọn títí bọ́ọ̀ṣì á fi ya.

Ọ̀pá mẹ́rin ni ìdáhùn tó pé: méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè ásù, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, imú dífù kò lè gbé sókè, ásù kò sì lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀pá yìí tó lè ṣiṣẹ́ láìsí ìjà, sípíríìngì gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ ásù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń lo sípíríìngì tí ojú rẹ̀ kan kò wọ bóòtù mọ́, tó jẹ́ pé ṣe ló ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú àpótí irin kékeré kan. Ẹrù nìkan ló ń gbé báyìí, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù, wọ́n lè dín ewé rẹ̀, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, kù sí ọ̀kan tàbí méjì, ìyẹn sì ń mú kó rọ̀ dáadáa lórí kòtò.

Sípíríìngì tó ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dá ásù dúró mọ́ bó bá fẹ́ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dí àlàfo yìí. Ọ̀pá Panhard jẹ́ ọ̀pá gígùn kan tó dùbúlẹ̀ ní ìbú ọkọ̀: orí rẹ̀ kan wà lára ásù, ìkejì wà lára bọ́dì. Ó rọrùn, kò wúwo, àmọ́ torí pé orí kan ló ń yí lé, ṣe ló máa ń ti ásù sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ nígbàkígbà tí ásù bá lọ sókè tàbí sílẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá ṣe gùn tó ni ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí ṣe ń kéré tó. Ìkejì ni ìsopọ̀ Watt, tí James Watt hùmọ̀ ní 1784 fún ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́: ọ̀pá méjì láti apá ọ̀tún àti òsì ọkọ̀ pàdé lára irin kékeré kan tó ń yí láàárín ásù. Pẹ̀lú rẹ̀, ásù á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ lójú ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọnrangandan. Ó gba àyè, ó sì ní bọ́ọ̀ṣì tó pọ̀ tó yẹ kéèyàn máa yẹ̀ wò, síbẹ̀ lórí títì ọlọ́dà òun ló dára jù.

Ṣọ́ọ̀kù

Ṣọ́ọ̀kù, ohun tó ń pa ìfò sípíríìngì, ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ náwó lé, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀kù olówó gọbọi lára ásù tí nǹkan kan kò dì mú kò lè ṣe àǹfààní kan tó tó nǹkan.

Ní ìpìlẹ̀, ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn Escort kúrú, ó sì dagun, ìyẹn ni pé kò dúró ṣánṣán. Bí ṣọ́ọ̀kù bá ṣe dagun tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù. Bí àpẹẹrẹ, ṣọ́ọ̀kù tó bá dagun ní ìwọ̀n dígírì 45 kò ní rìn ju nǹkan bí milimítà 71 lọ nígbà tí ásù bá rin milimítà 100. Agbára tó sì ń dá padà sára ásù náà tún dín kù bákan náà, débi pé ìdajì péré ló kù nínú iṣẹ́ tí ì bá ṣe ká ní ó dúró ṣánṣán.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Boreham ni pé wọ́n gé ilẹ̀ búùtù, wọ́n sì jó ilé irin gíga kan mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí orí ṣọ́ọ̀kù lè wọ inú búùtù lọ. Ṣọ́ọ̀kù tó gùn tí ó sì dúró ṣánṣán wá rí àyè, ásù náà sì lè lọ sókè sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ẹrù tí ṣọ́ọ̀kù ń gbà ló ń bọ́ sórí ilé irin yìí, nítorí náà wọ́n máa ń so ó mọ́ àgò irin tó ń dáàbò bo awakọ̀. Ilé irin tí wọ́n bá jó mọ́ páànù búùtù lásán, tí kò rí àgò fara tì, kì í pẹ́ tó fi ń ya páànù náà.

Ṣọ́ọ̀kù Bilstein onígáàsì ni Ford yàn. Nínú ṣọ́ọ̀kù àtijọ́, epo àti afẹ́fẹ́ jọ wà pọ̀. Lórí ọ̀nà igbó tó rí gbágungbàgun fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, epo á gbóná, á hó, á sì dà bí ọṣẹ, ṣọ́ọ̀kù á wá dẹ̀ pátápátá. Gáàsì tó wà nínú ti Bilstein ń tẹ epo náà mọ́lẹ̀ kó má lè hó.

Ásù

Ásù kékeré tí Escort bá wá kì í gba agbára ráàlì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Atlas, tó wà lábẹ́ Ford Capri 3.0, ni wọ́n máa ń gbé sí i, tí wọ́n á sì ki dífù tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán sínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ṣe é kí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí bèárìn ara páìpù, kí ṣáàfù máa yí táyà nìkan. Bí ṣáàfù bá ṣẹ́ nínú igbó, táyà kò ní yọ.

Iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù

Kí wọ́n tó ra ohunkóhun, ìpáta ni àkọ́kọ́. Ibi tí ojú iwájú sípíríìngì ti wọ bọ́dì máa ń kó omi àti ẹrẹ̀ pamọ́. Ó lè dán lókè, kí òòlù kékeré wá wọ̀ ọ́ lọ nísàlẹ̀. Ibi tí irin bá ti jẹ ni wọ́n á gé, wọ́n á jó irin tuntun sí i, kí wọ́n tó gbé ọ̀pá kankan kọ́ ọ.

Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà ń fi àyè sílẹ̀ kí ásù máa rìn díẹ̀, bọ́ọ̀ṣì onírin bíríkítí kì í gbà á láyè rárá. Àmọ́ onírin yìí ń pariwo, eruku a sì máa tètè jẹ ẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ń lo ọkọ̀ rẹ̀ lórí títì lójoojúmọ́ lè rí i pé rọ́bà líle tó fún un. Ẹni tó bá lo rọ́bà kò gbọdọ̀ fún bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí ásù sì ń fì. Wọ́n máa ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà kí wọ́n tó fún un pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á lọ́ mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, á sì tètè ya.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wọn ọ̀nà tó wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn ní ọ̀tún àti ní òsì. Nǹkan bíi mítà 2.4 ni Escort máa ń fúnni. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gùn ju ìkejì lọ, ásù ti wọ́, ọkọ̀ náà á sì máa rìn bí akàn. Ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ ṣeé yí padà ni wọ́n ń fi tún un ṣe, òun náà ni wọ́n ń fi yí imú dífù kó lè bá purọpẹ́là (ṣáàfù gígùn tó ń gbé agbára wá láti iwájú) mu, kí ọkọ̀ má bàa gbọ̀n.

Igbó, títì àti òfin

Ọkọ̀ tó ń lọ sínú igbó gbọ́dọ̀ ga, kí sípíríìngì rẹ̀ rọ̀, kí ásù sì rí àyè rìn. Lórí títì ọlọ́dà, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, sípíríìngì á sì le. Àwọn kan máa ń ki irin dídí sáàárín ásù àti sípíríìngì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀. Owó kékeré ló ń gbà, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ásù rí ọwọ́ gígùn tó fi ń yí sípíríìngì, ó sì yẹ kéèyàn yẹra fún un bí kò bá sí ọ̀pá mẹ́rin.

Èrè tí àwọn ará Boreham rí hàn gbangba. Hannu Mikkola àti Gunnar Palm fi Escort gba ìdíje London sí Mẹ́síkò ní 1970, wọ́n sì gba ráàlì Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1972. Björn Waldegård tún gba Safari ní 1977. Láti 1972 títí di 1979, ọdún mẹ́jọ gbáko, Escort ló ń gba ráàlì RAC nínú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ford gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti iléeṣẹ́ ní 1979, Ari Vatanen sì fi Escort gba ti awakọ̀ ní 1981, lẹ́yìn tí Ford fúnra rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Lónìí, Àfikún K nínú òfin FIA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí eré ìdíje ọkọ̀, ló ń darí àwọn ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ àgbáyé. Ó béèrè pé kí ohun tó wà lára ọkọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìgbà ayé rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà ọkọ̀ náà. Nínú àwọn ìsọ̀rí tí òfin wọn tú díẹ̀, pàápàá ní Ireland níbi tí títì ọlọ́dà ti pọ̀, ọ̀pọ̀ ti yọ sípíríìngì pẹlẹbẹ dànù pátápátá, wọ́n sì fi sípíríìngì kíká tó yí ṣọ́ọ̀kù po rọ́pò rẹ̀.