Toyota RAV4

Toyota RAV4 jẹ́ ọkọ̀ ìdílé kékeré tí ilé-iṣẹ́ Toyota ti ilẹ̀ Japan gbé sí ọjà lóṣù Karùn-ún ọdún 1994. Jíìpù ni wọ́n ń pè é ní Nàìjíríà, nítorí pé ọkọ̀ yòówù tó bá ti ga nílẹ̀ díẹ̀, jíìpù ni lẹ́nu ará ìlú, ẹni yòówù kó ṣe é. Bí a bá wo abẹ́ rẹ̀, ọmọ ìyá Corolla àti Carina ni. Nọ́ńbà 4 inú orúkọ rẹ̀ dúró fún ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ẹ́ńjìnì ń yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ RAV4 ló wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjì iwájú nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ọdún 1989 ni Toyota kọ́kọ́ fi àwòṣe ọkọ̀ náà han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Tokyo. Láyé ìgbà yẹn, irú Land Cruiser tàbí Suzuki Vitara (1988) ni ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin máa ń rà. Orí ṣáṣì, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀, ni wọ́n máa ń de bọ́dì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gba ìyà nínú igbó, àmọ́ ó wúwo, ó sì máa ń gbo èèyàn lórí títì. Ní ti RAV4, bọ́dì àti ṣáṣì ti di ọ̀kan, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń dá gòkè dá sọ̀ kalẹ̀: bí ọ̀kan bá já sí kòtò, kò ní fa èkejì dání.

Ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ó yẹ ká rọra sọ ọ́, torí Lada Niva ti ilẹ̀ Soviet (1977) náà kò ní ṣáṣì ọ̀tọ̀. Àmọ́ ọ̀nà oko ni wọ́n ṣe Niva fún. Ará ìlú tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni Toyota ní lọ́kàn.

Onílẹ̀kùn mẹ́ta ló kọ́kọ́ jáde, àwọn ọ̀dọ́ ló sì wà fún. Mìlímítà 2,200 ló wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Lọ́dún 1995, onílẹ̀kùn márùn-ún dé, ó sì jẹ́ 2,410. Sẹ̀ǹtímítà 21 tí wọ́n fi kún un yìí ló sọ ọ́ di ọkọ̀ ìdílé.

Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti ìran kìíní (àwọn RAV4 tó kọ́kọ́ jáde), agbára ẹ́ńjìnì ń dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo. Dífírẹ́ńṣà àárín ló ń pín in fún iwájú àti ẹ̀yìn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí táyà iwájú lè sáré ju ti ẹ̀yìn lọ bí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Ewu ibẹ̀ ni pé ibi tó bá rọrùn ni agbára máa ń sá gbà: bí táyà kan bá wọ ẹrẹ̀, tó ń yí lásán, òun ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti oníjíà ọwọ́ fi ní bọ́tìnnì tí awakọ̀ fi ń ti dífírẹ́ńṣà yìí pa. Kò ní àfikún jíà tó lọ́ra àmọ́ tó lágbára fún òkè gíga àti àpáta bíi ti Land Cruiser.

Láti ìran kẹta (ìparí 2005), ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa ọkọ̀ lójoojúmọ́, èyí sì ń dá epo sí. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé táyà iwájú ń yọ̀, á fi iná mànàmáná di kílọ́ọ̀ṣì kan tó wà nítòsí dífírẹ́ńṣà ẹ̀yìn mú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀. Bọ́tìnnì wà tí awakọ̀ lè fi di kílọ́ọ̀ṣì náà mú fúnra rẹ̀, àmọ́ ó máa ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bí eré bá ti kọjá kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Nínú èyí tó ń lo epo pọ̀ mọ́ bátìrì (láti 2015), kò sí ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì) láti iwájú dé ẹ̀yìn rárá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ẹ̀rọ iná tirẹ̀.

Gbogbo èyí ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti ṣí kúrò lójú kan ni. Kò fi nǹkan kan kún bíréèkì.

Ohun tí àwọn ìdílé fẹ́ lára rẹ̀

Ìjókòó rẹ̀ ga níwọ̀n: àgbàlagbà kò ní bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, kò sì ní pọ́nkè. Ẹnu búùtù rẹ̀ wálẹ̀, èyí tó dára fún ẹrù wúwo. Kí ìran kẹrin (2012) tó dé, ẹ̀gbẹ́ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí sí, sípéà táyà sì máa ń rọ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdè rẹ̀ wà, èyí tó bá Japan mu, níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá òsì. Ní Èkó tàbí ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá dúró sí etí títì, ilẹ̀kùn náà á dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń kó iṣu sínú rẹ̀ á sì dúró sí ìhà tí mọ́tò ń gbà kọjá.

Ọjà

Lọ́dún 2017, bí a bá yọ píkọ́ọ̀pù kúrò, òun ló tà jù ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 2020, iye tí wọ́n ti tà lágbàáyé ti pé mílíọ̀nù 10. Ìran kẹfà jáde lọ́dún 2025.

Tòkunbọ̀

Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó padà wálé ni wọ́n ń sọ ní Tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ RAV4 tó wà nílẹ̀ Yorùbá ló ń jẹ́ orúkọ yìí. Èbúté Èkó àti Kútọnu ni wọ́n ń gbà wọlé, kí ìjọba Nàìjíríà tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Nínú àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹlẹ́sẹ̀ méjì pọ̀. Kí olùrà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn: bí kò bá sí àpótí irin láàárín táyà méjèèjì, tí kò sì sí ṣáàfù tó gùn láti ibẹ̀ lọ síwájú, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, àyàfi tó bá jẹ́ oníbátìrì. Ẹ́ńjìnì lítà 2.4 ti ìran kẹta lè máa jẹ ọ́ìlì, nítorí náà kí wọ́n fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò. Bí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bá sì ni lóòótọ́, táyà tuntun kan ṣoṣo láàárín mẹ́ta tó ti jẹ kò dáa fún un: kì í yí bákan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ló sì máa ń jìyà rẹ̀.