Ọjọ́ Kẹrìnlá Kọ́ Ni Ẹyin Gbogbo Obìnrin Ń Bọ́

“Ọjọ́ kẹrìnlá ni.” Èsì tí obìnrin sábà máa ń gbọ́ nìyẹn tó bá béèrè ìgbà tí òun lè lóyún. Kó kà á láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó bá ti dé orí kẹrìnlá, ó parí. Ẹni tó ń wá ọmọ á dúró de ọjọ́ náà, ẹni tí kò fẹ́ oyún á sá fún un. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí bí wọ́n ṣe ń yà á sínú ìwé nìyẹn: òbìrí kan tó pé ọjọ́ 28, ẹyin kan ní àárín gbùngbùn.

Àwòrán yẹn kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Ẹni tí àyípo nǹkan oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ 28 gẹ́lẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹyin rẹ̀ bọ́ nítòsí ọjọ́ kẹrìnlá. Àmọ́ ti ẹlòmíràn jẹ́ 24, ti ẹlòmíràn 34. Obìnrin kan náà sì lè rí 27 lóṣù yìí kó rí 31 lóṣù tó ń bọ̀, láìsí àìsàn kankan.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tó fi ìṣirò yìí han ayé kò kà á bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà Kyusaku Ogino ní Japan àti Dókítà Hermann Knaus ní Austria ni, ní àwọn ọdún 1920. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti kà á: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ni ẹyin ń bọ́. Ogino tiẹ̀ fi àyè sílẹ̀, ó ní ọjọ́ 12 sí 16. Àwa tó gbọ́ ọ la dorí ẹ̀ kodò.

Ìdí tí ẹ̀yìn fi dára jù ni pé apá àkọ́kọ́ àyípo náà ń nà, ó sì ń súnkì, ṣùgbọ́n apá kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wá lọ́wọ́, pituitary, kókó kékeré kan tó rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, ti ń rán họ́mọ̀nù FSH (họ́mọ̀nù ni èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀) lọ sí ilé ẹyin. Àwọn àpò olómi kéékèèké tí ẹyin wà nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá yá, ọ̀kan á gba iwájú, àwọn yòókù á sì rọ. Àpò tó gba iwájú yìí ló ń tú họ́mọ̀nù estrogen sínú ẹ̀jẹ̀, estrogen náà ló ń mú kí ara inú ilé ọmọ nípọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣe ló ń dá pituitary lọ́wọ́ kọ́. Àmọ́ tó bá pọ̀ gan-an, tó sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ á yí bírí: pituitary á da họ́mọ̀nù LH jáde gììrì, ẹyin á sì bọ́ ní nǹkan bí wákàtí 36 lẹ́yìn tí LH bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

Kò sí kàlẹ́ńdà nínú gbogbo èyí. Estrogen ni ọpọlọ ń dúró dè. Tí àpò ẹyin bá lọ́ra láti dàgbà, tàbí tí àìsàn, àìjẹun tó, ìdààmú ọkàn tàbí eré ìdárayá àṣejù bá dín àṣẹ tó ń ti ọpọlọ wá kù, ẹyin á pẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹyin bá bọ́, àpò tó fi sílẹ̀ á di kókó aláwọ̀ ìyeyè tó ń ṣe progesterone, họ́mọ̀nù tó ń mú kí ara inú ilé ọmọ dúró. Ẹ̀mí kókó yìí kò gùn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni. Tí oyún bá ti lẹ̀, oyún náà á rán họ́mọ̀nù hCG (èyí tí àyẹ̀wò oyún ń wá nínú ìtọ̀) láti mú un dúró. Tí kò bá sí oyún, á gbẹ, progesterone á já wálẹ̀, ara inú ilé ọmọ á wó, ẹ̀jẹ̀ á dé. Nítorí náà, ẹni tó ní nǹkan oṣù òun pẹ́, tí kì í ṣe oyún, ẹyin rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ pé ó ti pẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ẹ wo obìnrin tí àyípo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 24. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá lọ́jọ́ kẹfà, òun àti ọkọ rẹ̀ bá ara wọn sùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ó ku ọjọ́ mẹ́jọ gbáko. Nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá ni ẹyin tirẹ̀ ń bọ́, àtọ̀ sì lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún bí ọjọ́ márùn-ún. Obìnrin tí àyípo tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 34, tó ń wá ọmọ, ńkọ́? Ó gbájú mọ́ ọjọ́ 13 sí 15, ó sinmi. Ẹyin rẹ̀ bọ́ ní nǹkan bí ogúnjọ́, kò lò ju wákàtí 24 lọ, kò sì bá àtọ̀ kankan níbẹ̀.

Lọ́dún 2000, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn BMJ lórí obìnrin 213. Nǹkan bí 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lè lóyún bọ́ sáàárín ọjọ́ 10 sí 17.

Ara máa ń fúnni ní àmì tirẹ̀. Tí ẹyin bá ti ń sún mọ́ àtibọ́, omi ojú ara á mọ́lẹ̀, á máa yọ̀, á sì máa fà bíi funfun ẹyin tútù. Ara tó gbóná díẹ̀ sí i lówùúrọ̀ kì í kéde ohun tó ń bọ̀ ní tiẹ̀. Ẹyin ti bọ́ kó tó hàn. Pélébé tí wọ́n fi ń yẹ LH wò nínú ìtọ̀ náà wà, àmọ́ ọjọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ṣe pàtàkì: bí ọjọ́ 7 fún obìnrin ọjọ́ 24, bí ọjọ́ 17 fún ti ọjọ́ 34.