Agbárí Tó Dé Àkẹtẹ̀: Ibi Tí Catrina Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní Mẹ́síkò, bí ọdún àwọn òkú bá ti kò, ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọge a kun ojú wọn bí agbárí, wọn a dé àkẹtẹ̀ ńlá olódòdó. Catrina ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ayé àwọn Aztec, ọmọ onílẹ̀ Mẹ́síkò kí òyìnbó tó dé, ló ti wà. Irọ́ ni. Àwọn Aztec ní Mictlantecuhtli, òrìṣà ilẹ̀ òkú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ni wọ́n bí Catrina sí, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe.

José Guadalupe Posada ló yà á. Aguascalientes ni wọ́n bí i sí ní 1852. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, kó tó lọ sí ìlú León. Ní 1888, ọdún tí omíyalé ba León jẹ́, ó kó lọ sí olú-ìlú, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún Antonio Vanegas Arroyo. Pépà ẹlẹ́gẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi tí tálákà lè rà ni ọkùnrin yìí ń tẹ̀: ìròyìn ìpànìyàn, àdúrà, orin. Bí ọdún òkú bá dé, ó di calavera. Agbárí ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ewì ẹ̀fẹ̀ tó ń bú alààyè bí ẹni pé ó ti kú, olóṣèlú ni o, oníṣòwò ni o. Manuel Manilla ti ń gbẹ́ àwòrán eléegun, òkú tó ku egungun nìkan, fún ṣọ́ọ̀bù náà kí Posada tó dé.

Òjé ni Posada kọ́kọ́ ń fi irin ṣóńṣó gbẹ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí síńkì: á fi íńkì tí ásíìdì kò lè jẹ yàwòrán sí i, ásíìdì á jẹ ìyókù, ìlà á wá yọ sókè, wọn á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yá kánkán, owó rẹ̀ kò pọ̀. Eléegun rẹ̀ ń jó, ó ń gun kẹ̀kẹ́. (Àwa tí ohùn nìkan ya eegun ara kúrò lára eégún tó ń jó, kí ló fẹ́ yà wá lẹ́nu níbẹ̀?)

Lópin ayé rẹ̀ ló yà èyí tí a ń wí. Orí nìkan ni, kò ní ara: eyín tó là gbàràgàdà, àkẹtẹ̀ bíi ti àwọn obìnrin Faransé, òdòdó àti ìyẹ́. Calavera Garbancera ni wọ́n pè é. Garbanzo ni ẹ̀wà tí àwọn ará Sípéènì kó wá. Garbancera sì ni ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ lára, tó ń sẹ́ ìran rẹ̀, tó ń ṣe bí òyìnbó. Èébú gidi ni. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń kun ojú lónìí ló mọ̀.

Posada kú ní oṣù Kìíní 1913, ní òtòṣì. Sàréè ọ̀fẹ́ ni wọ́n sin ín sí ní itẹ́ òkú Dolores. Nígbà tó ṣe, wọ́n kó egungun rẹ̀ dà sínú kòtò àpapọ̀.

Ní àwọn ọdún 1920 ni ayàwòrán Jean Charlot tún gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ní 1947, ayàwòrán Diego Rivera ya agbárí náà sára ògiri Hotel del Prado ní olú-ìlú. Òun ló fún agbárí náà ní ara àti aṣọ gígùn, tó fi ejò tó ní ìyẹ́ kọ́ ọ lọ́rùn, orúkọ Catrina sì mọ́ ọn lára. Rivera ya ara rẹ̀ ní ọmọdé, ó di ọwọ́ kan Catrina mú. Posada ló fi apá kọ́ apá kejì, nínú kóòtù dúdú, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀.