Ẹ má wo kànga nìkan: bí Seplat ṣe dàgbà débi tó fi ra Mobil

Ní December 2024, nígbà tí ìròyìn jáde pé Seplat, iléeṣẹ́ epo onílé kan, ti parí owó Mobil Producing Nigeria, iléeṣẹ́ tó ń wa epo fún ExxonMobil ti Amẹ́ríkà nílẹ̀ yìí, ìyá kan tí mo máa ń bá ṣètò owó ìfẹ̀yìntì wọn pè mí láti Ìbàdàn. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ọmọ mi, iléeṣẹ́ tí kò tíì pé ogún ọdún, ibo ló ti rí owó ra Mobil? Àbí wọ́n ti kan epo tuntun ni?"

Mo ní, "Rárá, Mà. Epo tí àwọn ẹlòmíì ti kàn tipẹ́ ni wọ́n ń rà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. A rò pé iléeṣẹ́ epo máa ń dàgbà bí ẹni tó wú ìkòkò owó nínú ilẹ̀: ó gbẹ́lẹ̀, epo tú jáde, ó di ọlọ́rọ̀. Àwọn tó rí i bẹ́ẹ̀ wà, àmọ́ wọn ò pọ̀. Nílẹ̀ Nàìjíríà láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ohun tí àwọn òyìnbó fẹ́ gbé sílẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ onílé ń rà. Epo orí ilẹ̀ àti ti etí òkun ti sú àwọn òyìnbó nítorí olè, páìpù tí wọ́n ń fọ́, àti ẹjọ́ ilẹ̀ tí epo bàjẹ́. Inú agbami ni wọ́n ń sá lọ.

2009 ni wọ́n dá Seplat sílẹ̀. Shebah àti Platform, iléeṣẹ́ kéékèèké méjì, ló para pọ̀. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa, ẹ óò rí àwọn méjèèjì nínú rẹ̀. ABC Orjiako àti Austin Avuru ló ṣáájú, Maurel & Prom láti ilẹ̀ Faransé sì bá wọn dá owó. Nígbà tó di 2010, wọ́n ra ìpín 45 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti Shell, Total àti Agip nínú OML 4, 38 àti 41, lápá Ẹdó àti Delta. Ìpín 55 tó kù wà lọ́wọ́ ìjọba. OML yìí, ìwé àṣẹ láti wa epo ni. Ẹni tó ní in kò ní ilẹ̀.

Epo tí wọ́n ń rí níbẹ̀ nígbà náà kò tó 20,000 àgbá lójúmọ́. Kí 2014 tó wọlé, ó ti ju 50,000 lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò ní awo nínú: wọ́n padà sídìí kànga tí wọ́n ti pa tì, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbẹ́ òmíràn sí tòsí ibi tí wọ́n mọ̀ pé epo wà. Kànga tó ń mú ẹgbẹ̀rún kan àgbá wá lóòjọ́ kì í ṣe ohun tí ọ̀gá àgbà Shell máa torí ẹ̀ pe ìpàdé. Oúnjẹ ni fún iléeṣẹ́ kékeré.

Ní April 2014, Seplat gbé ìpín rẹ̀ lọ sọ́jà Èkó àti ti London lẹ́ẹ̀kan náà, ₦576 níbí, 210 pẹ́ńsì lọ́hùn-ún. Kò sí iléeṣẹ́ Nàìjíríà tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nǹkan bí 500 mílíọ̀nù dọ́là ló wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá yìí rí gan-an kò sí nínú ọdún tó dùn yẹn. Mo ya àwòrán ojú ìwé kan nínú ìṣirò owó Seplat ti 2016, mo fi bírò pupa yí owó tó wọlé lọ́dún méjì po, mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn. Owó tó wọlé ní 2016 kò tó ìdajì ti 2015.

Wọ́n tún pè. "Ṣé epo gbẹ ni?"

Epo ò gbẹ. Ó wà nínú kànga digbí. Ọ̀nà ló dí. Ní February 2016, wọ́n fọ́ páìpù abẹ́ omi ní èbúté Forcados, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé epo wọn. Ó lé lọ́dún kan kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Wọ́n ń fi báàjì, ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ, kó o díẹ̀díẹ̀ gba èbúté ilé ìfọpo Wàrì, ṣùgbọ́n báàjì ò lè ṣe iṣẹ́ páìpù.

Bẹ́ẹ̀, kí páìpù tó fọ́ pàápàá, epo tí wọ́n dà sínú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá mẹ́fà da epo pupa wọn pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan, wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ sọ́jà. Àwọn kan dá ihò sí i lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n wọn èyí tó kù, wọ́n pín àdánù náà kárí. Bí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì orí ilẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn.

Gáàsì ló ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́dún náà. Gáàsì tó ń jáde ní Oben, ní Ẹdó, kì í gba Forcados kọjá. Ilé là ń lò ó sí, ó ń lọ sí àwọn ibùdó tó ń pèsè iná. Lára wọn báyìí ni Azura lẹ́bàá Benin. Owó rẹ̀ kéré sí ti epo, àmọ́ kò dúró de ọkọ̀ ojú omi. Nínú gbogbo ohun tí Seplat ṣe, èmi gbà pé ìnáwó sórí gáàsì yìí ló gbọ́n jù.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀nà ni wọ́n ń wá. Wọ́n ra Eland, iléeṣẹ́ epo mìíràn, ní 2019 ní 382 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ní 2022, epo bẹ̀rẹ̀ sí gba páìpù Amukpe sí Escravos, èbúté mìíràn, kìlómítà 67, kọjá, tí Forcados kò fi jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bá ExxonMobil fọwọ́ sí ìwé Mobil, owó tí wọ́n kéde sì ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta kí ìjọba tó yọ̀ǹda. Ní 12 December 2024 ló parí. Ohun tó ń kan Seplat nínú epo tí wọ́n ń wà ṣáájú ìgbà náà kò ju nǹkan bí 50,000 àgbá lójúmọ́, bí a bá ṣírò gáàsì mọ́ epo. Èyí tí wọ́n fojú sùn fún 2025 wà láàárín 120,000 sí 140,000.

Ìyá ní, "Nítorí kànga púpọ̀ ni wọ́n ṣe rà á." Mo ní kànga wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo Qua Iboe. Èbúté ni. Epo Mobil inú òkun ló ti ń wá, kì í gba orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dá ihò sí páìpù, Seplat ló sì ń bójú tó èbúté náà báyìí.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí àwọn oníbàárà mi kì í sábà bi mí: "Kànga àtijọ́ wọ̀nyẹn, nígbà tí wọ́n bá gbẹ, ta ni yóò dí i?"

Ẹni tó rà á ni. Owó ńlá ni dídí kànga inú òkun àti kíkó irin orí rẹ̀ kúrò, ó sì ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣirò owó, lápá ibi tí gbèsè wà. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé bí ìwé ọdún tó ń bọ̀ bá ti jáde, ìlà yẹn ni màá kọ́kọ́ fi bírò pupa yí po.